Àpótí Tí Wọ́n Yí Ojú Rẹ̀ Padà: Ìtàn Páàsìwọ́ọ̀dù Láti MIT Dé Lálúpọn

Ìwé kan wà tí ẹ máa bá nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Lálúpọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló wà ní Ìyànà Ọ̀fà, ní Ẹ̀jìokú àti lápá Mọ́níyà. Ìwé gígùn ẹlẹ́yìn líle ni, irú èyí tí àwọn ọlọ́jà fi ń kọ gbèsè sílẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀ ló ń gbé, nítòsí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ fọ́ọ̀mù jáde. Orúkọ ènìyàn wà lápá òsì, ímeèlì tẹ̀ lé e, páàsìwọ́ọ̀dù ló gbẹ̀yìn. Ọmọ tó ń wá àyè sí yunifásítì wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ tó gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó wà níbẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ní kó lọ yẹ orúkọ rẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun náà wà níbẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá gbàgbé, ibẹ̀ ló ń padà sí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo páàsìwọ́ọ̀dù mi."

Àwa tí a ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹun ní agbègbè yìí mọ bí ewu ìwé yẹn ṣe tó. Ẹni tó bá jí i gbé lóru ọjọ́ kan, odidi àdúgbò ló jí gbé. Bẹ́ẹ̀, àpótí orí kọ̀ǹpútà tó lè gba ipò rẹ̀ ti wà láti 1997, ọ̀fẹ́ sì ni púpọ̀ nínú wọn. Kí ló wá dé tí ìwé ò kúrò nínú dúrọ́ọ̀? Àwọn kan á ní ojú àwọn ará oko ò tí ì là ni. Ìtàn páàsìwọ́ọ̀dù ò gbè wọ́n rárá. Ohun tí ìtàn náà ń sọ látìbẹ̀rẹ̀ ni pé bí ààbò bá ti nira fún ọwọ́ ènìyàn, orí bébà ni gbogbo ayé ń sá padà sí, títí kan àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìnira tó sì burú jù ni èyí tó dé bá ẹni tó ti kọ́ ọ tán, tọ́wọ́ ẹ̀ ti mọ ọ̀nà, tí wọ́n wá yí ojú àpótí padà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ àṣírí kì í ṣe àjèjì sí wa. Kí ìwé kíkọ tó dé ọ̀dọ̀ wa, àrokò ni àwọn baba ńlá wa fi ń ránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, torí "ẹẹ́fà" gbé "fà" sínú. Owó ẹyọ mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọra, àwa méjèèjì la jọ wà. Ìránṣẹ́ tó gbé e lọ́wọ́ lè má mọ ohun tó ń rù. Lọ́dún 1887, ìwé àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àlàyé jáde lórí irú àrokò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n kó láti Èkó àti Ìjẹ̀bú. Ohun kan ṣoṣo ló gbé àrokò dúró: ẹni tó dì í àti ẹni tó máa tú u ti jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ká ní ẹni tó ń di àrokò jí lọ́jọ́ kan, tó ní láti òní lọ ẹyọ mẹ́fà ti di ìpè ìjà, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin náà mọ ibi tọ́rọ̀ máa já sí.

Páàsìwọ́ọ̀dù orí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1961, Fernando Corbató àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àfihàn ètò kan tí wọ́n ń pè ní CTSS. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn tóbi tó yàrá, ó sì wọ́n bí ojú. CTSS jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ máa lo ẹ̀rọ kan lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú pẹ̀lú fáìlì tirẹ̀. Kí ẹnì kan má bàa tú ẹrù ẹnì kejì ni wọ́n ṣe fún kálukú ní ọ̀rọ̀ kan tó máa tẹ̀ kó tó wọlé.

Ilẹ̀kùn náà ò pẹ́ ṣí. Lọ́dún 1962, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Allan Scherr rí i pé wákàtí 4 lọ́sẹ̀ tí wọ́n fún òun lórí ẹ̀rọ náà ò tó iṣẹ́ òun. Ó fi káàdì onihò bẹ kọ̀ǹpútà pé kó tẹ fáìlì tí gbogbo páàsìwọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀ jáde. Kọ̀ǹpútà ò bi í léèrè ohunkóhun, ó tẹ̀ ẹ́ fún un. Nígbà tó di 1966, àwọn méjì tó ń bójú tó ètò náà ń tún fáìlì méjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú pẹ̀lú ọ̀kan: ìkíni tí wọ́n fi ń kí àwọn ènìyàn káàbọ̀, àti àkójọ páàsìwọ́ọ̀dù. Ètò náà gbé ọ̀kan sípò ìkejì. Gbogbo ẹni tó wọlé lọ́jọ́ náà, páàsìwọ́ọ̀dù gbogbo ènìyàn ni wọ́n fi kí i káàbọ̀.

Corbató gba àmì ẹ̀yẹ Turing ní 1990, ẹ̀bùn tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ wa yìí. Nígbà tó di 2014, tó ti lé dáadáa ní ẹni 80 ọdún, ó sọ fún ìwé ìròyìn Wall Street Journal pé ọ̀rọ̀ páàsìwọ́ọ̀dù ti di àlákálàá. Ó ní òun náà ti lo bébà mẹ́ta tí òun tẹ páàsìwọ́ọ̀dù òun sí, ó sì fojú bù ú pé wọ́n tó 150. Ẹ gbọ́ o! Bàbá tó bí ọmọ gan-an, orí bébà ló ń tọ́jú ọmọ sí. Ká tó bú ìyá oníṣọ́ọ̀bù ní Lálúpọn, ká rántí bàbá yìí.

Àwọn onímọ̀ kúkú wá ọgbọ́n sí i. Lọ́dún 1979, Robert Morris àti Ken Thompson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, kọ̀wé lórí ohun tí wọ́n ti ń ṣe sí ọ̀rọ̀ náà. Ọgbọ́n wọn ni pé kí kọ̀ǹpútà má tọ́jú páàsìwọ́ọ̀dù gan-an mọ́. Kó lọ̀ ọ́, kó sì tọ́jú ìyẹ̀fun ẹ̀. Ẹ fi ẹ̀lùbọ́ wò ó: èèyàn lè lọ iṣu gbígbẹ di ẹ̀lùbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọlọ tó lè dá ẹ̀lùbọ́ padà sí iṣu. Bí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ yín, kọ̀ǹpútà á lọ̀ ọ́, á fi wé ìyẹ̀fun tó wà nílẹ̀. Tí wọ́n bá bára mu, ẹ wọlé. Olè tó bá jí fáìlì, ẹ̀lùbọ́ lásán ló jí.

Àmọ́ àwọn méjèèjì tún kó páàsìwọ́ọ̀dù 3,289 jọ láti wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń yàn án. Nínú 100, 86 ló kúrú jù tàbí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè rí nínú ìwé atúmọ̀ tàbí àkójọ orúkọ. Olè ò ní láti dá ẹ̀lùbọ́ padà sí iṣu mọ́. Á kàn máa lọ oríṣiríṣi iṣu lọ ni, títí tí ìyẹ̀fun kan á fi bá èyí tó jí mu.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀bi ti bọ́ sọ́rùn ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà. Òun ni ò gbọ́n, òun ni ò ṣọ́ra. Lọ́dún 2004, àjọ NIST tó ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde tí Bill Burr wà lára àwọn tó kọ ọ́. Ohun tí àwọn iléeṣẹ́ káàkiri ayé rí mú nínú ẹ̀ ni pé kí páàsìwọ́ọ̀dù ní lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà àti àmì, kí wọ́n sì máa fipá mú ènìyàn pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Kí làwọn ènìyàn ṣe? Wọ́n fi 1 sẹ́yìn orúkọ ọmọ wọn. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, wọ́n sọ 1 di 2.

Bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ti kìlọ̀. Lọ́dún 1999, Anne Adams àti Angela Sasse ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwádìí kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń sọ pé aṣàmúlò kì í ṣe ọ̀tá. Wọ́n rí i pé òfin tó le koko, páàsìwọ́ọ̀dù tó pọ̀ jù àti ìpààrọ̀ lemọ́lemọ́ ló ń mú kí òṣìṣẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí kó yan èyí tó rọrùn láti mọ̀. Àwọn tó ṣe òfin ò bi ẹnikẹ́ni léèrè bí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ṣe rí. Ọdún 2017 ni NIST tó yí ìlànà náà padà: kí wọ́n má fipá mú ènìyàn pààrọ̀ páàsìwọ́ọ̀dù àyàfi tí àmì bá wà pé àṣírí ti tú, kí wọ́n gba páàsìwọ́ọ̀dù gígùn láyè, kí wọ́n sì jẹ́ kí ènìyàn lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé láti ibòmíì. Burr, tó ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, sọ fáwọn oníròyìn pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú ohun tí òun kọ.

Gbólóhùn lílẹ̀ páàsìwọ́ọ̀dù láti ibòmíì yẹn kì í ṣe kékeré. Ó túmọ̀ sí pé ìjọba pàápàá ti gbà pé orí ènìyàn ò lè gbé gbogbo ẹ̀, pé ó nílò àpótí. Àpótí náà sì ti wà tipẹ́. Lọ́dún 1997, Bruce Schneier gbé Password Safe jáde fún Windows. KeePass tí Dominik Reichl ará Jámánì ṣe dé ní 2003. 1Password dé ní 2006 láti Toronto ní Kánádà, LastPass ní 2008, Bitwarden ní 2016. Bákan náà ni gbogbo wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀. Páàsìwọ́ọ̀dù àgbà kan ṣoṣo ni ẹ máa há sórí. Òun ló ń ṣí àpótí. Àpótí náà ló ń há ìyókù sórí, tó ń sọ gbogbo wọn di àdììtú tí ojú olè ò lè kà.

Nǹkan tó dáa ni, a ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2006, Sonia Chiasson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Carleton, ní Ottawa, gbé irú ètò méjì tó ń bá ènìyàn bójú tó páàsìwọ́ọ̀dù fún ènìyàn 26 pé kí wọ́n lò ó. Ọ̀pọ̀ wọn ò lè lò ó bó ṣe yẹ. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé àwọn kan gbà pé àwọn ti ṣe é tán, pé ààbò ti wà fún wọn, nígbà tí kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn òun ṣí sílẹ̀ á sùn pẹ̀lú ojú kan. Ẹni tó rò pé òun ti tì í, á sun oorun àsùnwọra.

Ọwọ́ ló ń wo ìṣòro yìí sàn, pẹ̀lú àkókò. Ẹ bá ẹni tó ti lo àpótí kan fún ọdún mẹ́ta jókòó, kì í wojú ẹ̀rọ mọ́. Ìka rẹ̀ ló mọ̀nà. Ó tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀, ó tẹ lẹ́tà mẹ́ta, ó ti parí. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ yẹn, ohun ìní ni, bí oko tí ènìyàn ti ro tán. Òun sì ni àwọn tó ṣe àpótí máa ń gbàgbé pé àwọn kọ́ ló ni í.

Ní oṣù kẹjọ 2021, iléeṣẹ́ tó ni 1Password kéde ẹ̀dà kẹjọ fún kọ̀ǹpútà Mac. Ti Windows jáde tán ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ti Mac ní oṣù karùn-ún 2022. Ariwo sọ. Ohun mẹ́ta ló fà á. Àkọ́kọ́, wọ́n fi Electron kọ ọ́. Electron máa ń mú ètò tí wọ́n kọ bí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, á wá kó odidi bíráwúsà sínú rẹ̀, kí ó lè ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà. Ìtura ni fún ẹni tó ń kọ ọ́, torí iṣẹ́ kan ló ń ṣe dípò mẹ́ta. Àmọ́ ó máa ń gba àyè nínú ẹ̀rọ, ìrísí rẹ̀ sì lè ṣàjèjì sí ti àwọn ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà tẹ́lẹ̀. Ìkejì, àpótí tí ènìyàn lè dá tọ́jú sórí kọ̀ǹpútà ara ẹ̀ dópin; ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, pẹ̀lú owó tí ẹ ó máa san nígbà gbogbo. Ìkẹta, fèrèsé kékeré tí àwọn ènìyàn ti fi ń mú páàsìwọ́ọ̀dù kíákíá pòórá, òmíràn tó ń ṣe tirẹ̀ lọ́nà ọ̀tọ̀ gba ipò rẹ̀.

Iléeṣẹ́ náà ní ìdí tirẹ̀, kì í sì í ṣe ìdí ọ̀lẹ. Ẹni tó ń tún ẹ̀dà oríṣiríṣi ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àléébù á máa bọ́ mọ́ ọn lójú. Bí ìpìlẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan, tí ihò bá yọ, ibi kan ni wọ́n á dí, gbogbo ènìyàn á sì rí àtúnṣe náà gbà. Ìyẹn náà, ààbò ni. Ẹjọ́ tí àwọn tó ń lò ó ń rò ni pé ìdí yín tọ́, ṣùgbọ́n ta ló bi wá?

Àwọn yòókù ò yọ sílẹ̀. Ní oṣù kẹta 2021, LastPass ní kí àwọn tó ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ yan ọ̀kan: kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, wọn ò lè lo méjèèjì mọ́. Nígbà tí 2022 ń lọ sópin, iléeṣẹ́ kan náà kéde pé olè ti jí ẹ̀dà àpótí àwọn oníbàárà òun gbé. Ní ìparí 2024, Bitwarden yí ojú ètò rẹ̀ tó ń bá bíráwúsà ṣiṣẹ́ padà. Tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ orúkọ ìkànnì lẹ́ẹ̀kan, páàsìwọ́ọ̀dù á ti wọ àyè ẹ̀. Lẹ́yìn àtúnṣe, bọ́tìnnì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Àwọn ènìyàn kígbe, iléeṣẹ́ sì dá díẹ̀ padà: wọ́n fi ààyè sí i kí ẹni tó bá fẹ́ lè ká ìrísí rẹ̀ jọ, kó sì tún máa tẹ̀ ẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ní Lálúpọn ńkọ́? Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa mélòó kan tí a jọ ń kọ kóòdù níbí ti bá àwọn ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà pẹ̀lú wa láti kó ìwé ẹlẹ́yìn líle wọn sínú àpótí kan lórí kọ̀ǹpútà tábìlì wọn. A ò ní dárúkọ àpótí náà. Oṣù méjì la fi kọ́ wọn. Ìyá kan tó ni ṣọ́ọ̀bù, tó ti lé ní 50 ọdún, mọ̀ ọ́n lò ju àwọn ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ. Àfi ìgbà tí àtúnṣe dé lóru ọjọ́ kan, tó fi dátà ìyá jẹun, tó sì yí gbogbo ojú ibẹ̀ padà.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Orúkọ 20 ló máa ń hàn lójú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan. Ó di 7, àyè funfun ló gba ìyókù. Bọ́tìnnì ìṣẹ̀dà tó wà ní gbangba sá pamọ́ sábẹ́ àmì tó-tò mẹ́ta, kì í sì í yọjú àfi téèyàn bá gbé eku kọ̀ǹpútà dé orí rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, tí ìyá bá tẹ "adebola", ó máa rí Adébọ́lá. Lẹ́yìn àtúnṣe, tí kò bá fi àmì sí i, kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí ọpọlọ rẹ̀ ò ju 4GB lọ bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá lọ, àpótí náà á ní kó kọ́kọ́ wọlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí òun tó ṣí.

Èyí tó ṣe jàǹbá jù lọ kéré lójú. Ctrl àti C tí ìyá máa ń tẹ̀ pọ̀, páàsìwọ́ọ̀dù ló ń ṣẹ̀dà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn àtúnṣe, orúkọ oníbàárà ló ń ṣẹ̀dà. Kò sí ìkéde. Bọ́tìnnì kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Ẹyọ mẹ́fà ti di ìpè ìjà. Ọmọ kan wá lọ́jọ́ tí wọ́n máa ti ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Ìyá lẹ orúkọ mọ́ àyè páàsìwọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì ń rí kìkì àmì dúdú roboto tó ń bo ohun tó lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìkànnì tì í sóde. Ó dìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó ṣí i fún ọmọ náà, nígbà tó ku díẹ̀ kí ilẹ̀kùn tì pátápátá. Ọ̀sẹ̀ méjì ò pé tí ìwé fi jáde látinú dúrọ́ọ̀, wọ́n tún ti fi bébà tuntun bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá ò bínú sí wa. Ó kàn ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Àmọ́ ìwé tèmi ò ní sùn kó jí kó wá máa bi mí pé ta ni mí."

Kí ni ìjà ń bá wí? Ohun tó wà lábẹ́ páàsìwọ́ọ̀dù lónìí ní ilẹ̀ wa kì í ṣe lẹ́tà sí ọ̀rẹ́. BVN bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì 2014. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni ìdánwò JAMB ti ń wáyé. Ní oṣù kejìlá 2020, ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn so NIN mọ́ nọ́ńbà fóònù. Owó, ẹ̀kọ́ àti orúkọ ẹni, gbogbo ẹ̀ ti gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Ẹni tí wọ́n bá tì mọ́ta, ìta gidi ló wà.

Yíyí ojú nǹkan padà kò ṣàjèjì sí orílẹ̀-èdè yìí. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, Nàìjíríà kúrò lápá òsì ọ̀nà, ó bọ́ sápá ọ̀tún. Àwọn aládùúgbò wa, láti Benin dé Niger, Chad àti Cameroon, ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún tẹ́lẹ̀. Nǹkan tó lè pa ènìyàn ni. Ọwọ́ awakọ̀ ti mọ òsì, ojú ẹlẹ́sẹ̀ ti mọ ibi tí ọkọ̀ ń gbà yọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan pàtó wà tí gbogbo ènìyàn mọ̀, kò sì sí ẹni tí wọ́n yọ́ kẹ́lẹ́ yí sítíárì padà mọ́ lọ́wọ́ lóru. Sweden náà ti ṣe irú rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án 1967.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, pọ́n-ùn lọ, náírà dé. Wọ́n ṣe é lọ́nà tí orí lè gbé: náírà méjì ni pọ́n-ùn kan, kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni ṣílè kan. Torí náà ni àwọn ìyá wa ṣe ń bá ti wọn lọ. Kọ́bọ̀ márùn-ún ń jẹ́ sísì, mẹ́wàá ń jẹ́ ṣílè, pọ́n-ùn náà ò kúrò lẹ́nu ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àní ọ̀kẹ́, àpò owó ẹyọ 20,000, ṣì wà nínú ìṣirò wa di bí mo ti ń wí yìí, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń ná ẹyọ mọ́. Owó tuntun ò fipá gba ahọ́n ẹnikẹ́ni. Ojú ọ̀run tẹ́ ẹyẹ fò láìfara kanra.

Ẹ wá fi wé ti àìpẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 2022, ilé ìfowópamọ́ àgbà ti ìjọba kéde pé òun máa yí ojú 200, 500 àti 1,000 náírà padà. Ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ni tuntun máa jáde, ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2023 ni ti àtijọ́ máa kú. Wọ́n sún un sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì. Wọ́n gba owó àtijọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, tuntun ò sì tó. Ọ̀pọ̀ tó ní owó ní báńkì ò rí owó fi ra gààrí. Àwọn ènìyàn jáde fẹ̀hónú hàn ní Ìbàdàn. Ìgbà tó di ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kí wọ́n máa ná ti àtijọ́ títí di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún náà. Àwọ̀ tuntun kọ́ ló dá wàhálà yẹn sílẹ̀. Pípa tí wọ́n pa ọ̀nà àtijọ́ kí tuntun tó gba ènìyàn ni.

Nínú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí la ti rí ohun tí a lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ yí ojú àpótí páàsìwọ́ọ̀dù padà. Kó dá ọjọ́, kó sì kéde rẹ̀, bíi ti 1972. Kó jẹ́ kí ìtumọ̀ tuntun ṣeé kà pẹ̀lú ìmọ̀ àtijọ́, bíi ti 1973. Kó má ti ọ̀nà àtijọ́ pa kí tuntun tó dúró, kó má bàa di ti 2023. Èyí tó sì jẹ́ ti àpótí gan-an: bọ́tìnnì tó bá máa yí iṣẹ́ padà, kó yí ìrísí padà pẹ̀lú. Tí kò bá ti lè ṣe iṣẹ́ àná mọ́, ó sàn kó má dáhùn rárá ju kó ṣe òmíràn lọ. Ètò orin tó bá ṣi bọ́tìnnì, orin mìíràn lẹ máa gbọ́. Ti àpótí, ilé yín lẹ máa wà níta rẹ̀.

Ìgbà tí a padà lọ bá ìyá, a ò gbé ẹ̀bẹ̀ lọ nìkan. A gbé àpótí mìíràn dání, èyí tí fáìlì rẹ̀ ń gbé lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tí ètò tó ju ẹyọ kan lọ lè ṣí, tí kì í sì í gba àtúnṣe láìjẹ́ pé ìyá fọwọ́ sí i. Àdéhùn tó bá wa ṣe ni pé ìwé àti àpótí á jọ máa lọ fún ọdún kan. A gbà fún un. A tiẹ̀ bá a ra àgádágodo sí dúrọ́ọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo àpótí lọ́wọ́, a ò ní kẹ́ ẹ kó ẹrù yín jáde. Àtúnṣe dáa, ihò tí wọn ò dí lolè ń gbà wọlé. Àmọ́ ẹ wò ó lónìí bóyá àpótí yín ń gbà kẹ́ ẹ kó ẹ̀dà ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Tí kò bá gbà, ẹ wá òmíràn kí ọjọ́ tó le. Tó bá gbà, ẹ kó ẹ̀dà kan tí àdììtú ṣì bò sórí fíláàṣì, kẹ́ ẹ tó tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" fún àtúnṣe ńlá kankan. Páàsìwọ́ọ̀dù àgbà yẹn ní tirẹ̀, ẹ kọ ọ́ sórí bébà kan ṣoṣo, ẹ dì í sínú àpò ìwé, kẹ́ ẹ sì fi í síbi tí ìwé ilẹ̀ ìdílé yín wà.